Olúmọ láàárọ̀, ẹmu lọ́sàn-án: bí a ṣe ń to ìrìn ọjọ́ kan ní Abẹ́òkúta

Oòrùn ni aago ìrìn yìí. Bí oòrùn bá ṣe ń gòkè ni òkúta ń gbóná, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹmu tí wọ́n dá ní ìdájí ń le sí i nínú kèrègbè. Ẹni tó bá pẹ́ dé ẹsẹ̀ òkè yóò gun àpáta nígbà tó ti ń jóni, yóò sì bá ẹmu nígbà tó ti kan. Ẹni tó bá yí i padà ńkọ́, tó kọ́kọ́ mu ẹmu kó tó gòkè? Ẹni yẹn ni wọ́n máa ń dì lọ́wọ́ mú wá sílẹ̀. Òkè ni àkọ́kọ́, oúnjẹ ló tẹ̀lé e, ẹmu ló gbẹ̀yìn.

Olúmọ kì í ṣe òkè gíga. Mítà 137 ni orí rẹ̀ fi ga ju ojú òkun lọ, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá sì lè dé òkè láàárín ìdajì wákàtí. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ gan-an nìyẹn. Wọ́n á wọ sílípáàsì wá, wọn ò ní mú omi, wọ́n á ní ṣebí àtẹ̀gùn ni. Àtẹ̀gùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ náà ṣì wà, èyí tó gba àárín àpáta méjì kọjá, tó dín débi pé èjìká méjèèjì lè kan òkúta. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó múra.

Ọjọ́ àti àkókò

Ọyẹ́ ni òtútù tiwa. Láti ìparí Oṣù Kọkànlá wọ Oṣù Kejì, òwúrọ̀ Abẹ́òkúta máa ń tutù, òkúta á gbẹ, ẹsẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Eruku ni ọyẹ́ ń kó wá, eruku náà sì ní ọ̀ràn tirẹ̀. Bó bá bà sórí òkúta, hóró iyanrìn inú rẹ̀ á máa yí lábẹ́ bàtà bí ẹ̀wà tó dà sílẹ̀. Ẹ máa nu àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà yín kí ẹ tó kúrò lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àlébù ọyẹ́ kejì ni pé bó bá ṣú, Odò Ògùn ò ní hàn láti òkè. Ẹni tó bá ń wá àwòrán tó mọ́ kedere, kí ó wá ní ọjọ́ kejì òjò ńlá, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run, tí òkúta sì ti gbẹ.

Láti Oṣù Kẹrin dé Oṣù Kẹwàá ni òjò wa, àfi bó bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú Oṣù Kẹjọ. Kò sí ohun tó ní kí ẹ má wá lásìkò òjò, àmọ́ ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka àwọ̀ òkúta. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, àpáta á dúdú. Ẹ má tẹ ọ̀nà orí àpáta títí àwọ̀ yẹn yóò fi padà di eérú. Àwọn ìlà dúdú gbọọrọ tó wá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú ọ̀nà omi ni wọ́n. Nǹkan wínníwínní ń hù níbẹ̀ tí kì í kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá gbẹ, kò ṣe ohunkóhun. Bí omi bá kàn án, ó yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ibi tó kù lè ti gbẹ tán kí ìlà wọ̀nyí ṣì tutù. Ẹ fò ó kọjá tàbí kí ẹ gba ibòmíràn. Bí àrá bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ má dúró ya fọ́tò kankan mọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀.

Ní ti aago, àkókò méjì ló wà: láti ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí ẹnu ọ̀nà títí di nǹkan bí aago 11, tàbí láti aago 4 ìrọ̀lẹ́ títí dé wákàtí kan kí wọ́n tó tì í. Láàárín méjèèjì, òkúta ti mu oòrùn yó, ooru á máa bọ̀ láti òkè, á tún máa jáde láti ìsàlẹ̀. Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta ló burú jù.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó láàárọ̀ ọjọ́ náà lè gba ọ̀nà Sángo-Ọ̀tà àti Ìtòrì, tàbí kí ó yí gba Ṣàgámù. Ọ̀nà Sángo ló kúrú, ṣùgbọ́n kòtò àti gosiló ibẹ̀ lè jẹ wákàtí méjì nínú àárọ̀ yín, nítorí náà ẹ ti jáde nílé kí aago 6 tó lù. Rélùwéè náà wà láti 2021: ẹ wọ̀ ọ́ ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Ládẹ̀rín, kí ẹ wá wá takisí wọ inú ìlú. Ó rọni lọ́rùn ju ojú títì lọ, àmọ́ ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ máa ń yí padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láti Ìbàdàn, ọ̀nà Omi-Àdìó àti Ọ̀dẹ̀dá ló tọ́. Bí ẹ bá ti wọ ìlú, ẹ ní Olúmọ, Ìtòkú; kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí a ó mú

Bàtà ló ṣe pàtàkì jù. Kánfáàsì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀ ló dára. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ rọ́bà náà: bí èékánná bá fi àmì sílẹ̀, rọ́bà yẹn á di òkúta mú. Bó bá le gbọingbọin bí pákó, ẹ fi í sílẹ̀ nílé, ì báà jẹ́ olówó ńlá. Bàtà ògbólógbòó tó ti wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́ta máa ń ní àléébù kan tí a kì í rí: gọ́ọ̀mù rẹ̀ á ti gbẹ, àtẹ́lẹsẹ̀ á sì ṣí kúrò ní ìdajì ọ̀nà. Ẹ ká a lọ́wọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ó bá ya ẹnu, kì í ṣe bàtà òkè. Sílípáàsì, bàtà onígìgísẹ̀ àti kọ́fà aláwọ ò yẹ níbẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá ní bàtà mìíràn, ẹsẹ̀ lásán sàn láàárọ̀ ju sílípáàsì lọ.

Omi lítà kan àbọ̀ fún àgbàlagbà kan, ìyẹn píọ̀wọ́tà mẹ́ta tó jẹ́ 50cl. Ẹ mu ọ̀kan kí ẹ tó wọlé, ẹ máa fi ìkejì rẹnu díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ fi ìkẹta pamọ́ fún ìsọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń tà á, ẹ ra ọ̀kan tó ti dì gbagidi sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Oúnjẹ àárọ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀: ẹ̀kọ àti àkàrà mẹ́ta tó. Láfún wà fún ìgbà tí a bá sọ̀kalẹ̀, ẹni tó bá jẹ ẹ́ kó tó gun òkè, oorun ni yóò máa gbé gòkè.

Báàgì tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Obìnrin tó bá fẹ́ wọ ìró, kí ó wọ ṣòkòtò sábẹ́ rẹ̀, nítorí ibì kan wà tí a ó ti gbé ẹsẹ̀ ga. Ẹ mú owó lọ́wọ́, kí ó jẹ́ wẹ́wẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀rọ POS kì í ṣe ohun tí a ń gbára lé. Ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) kò gbọdọ̀ gbàgbé oògùn tó ń fà sẹ́nu, pàápàá lásìkò ọyẹ́.

Láti ẹnu ọ̀nà dé orí

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé ẹ̀rọ agbéniròkè ń ṣiṣẹ́ lónìí, ṣé kámẹ́rà ńlá ní owó tirẹ̀, ta ni afinimọ̀nà yín. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bá wà láàárín yín. Àtúnṣe ńlá ọdún 2006 ló gbé ẹ̀rọ yẹn wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni, ó lè wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè má sí. Ẹ má mú àgbàlagbà wá tán kí ẹ tó mọ̀.

Ẹ gba afinimọ̀nà. Kì í ṣe nítorí ìtàn nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láìsí i ihò àpáta á kàn dà bí ihò lásán lójú yín. Òun ló mọ ibi tí omi sun lánàá àti ibi tí oyin ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni, oyin lè wà nínú pàlàpálá àpáta: ẹ má ju òkò, ẹ má tanná sìgá nítòsí. Bí wọ́n bá tú, ẹ bo ojú, ẹ rìn kúrò, ẹ má máa fi ọwọ́ gbá wọn.

Ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ dé ni ojúbọ Olúmọ àti ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun. Ní 1830 ni wọ́n tẹ̀dó síbí, Ṣódẹkẹ́ sì ni olórí wọn. Ẹ tẹ orí ba kí ẹ tó wọ ihò náà. Òrùlé rẹ̀ rẹlẹ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ, iwájú orí ló sì máa ń san gbèsè. Nínú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn ihò roboto tí wọ́n fi ń lọ nǹkan oúnjẹ. Ní ojúbọ, ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ má sì ya fọ́tò kí ẹ tó béèrè. Bí ẹ bá bá àgbà kan níbẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ẹ ní “Ẹ kú ilé o, Màmá,” kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà tóóró. Bí a ṣe ń gbà á nìyí. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó kàn dúró títí ti iwájú yóò fi jáde. Ẹ yí báàgì sí àyà. Ẹ tẹ òkúta pẹ̀lú gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ má fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan tẹ̀ ẹ́, nítorí ibi tí rọ́bà bá ti kan òkúta púpọ̀ ló ti ń di í mú. Ọwọ́ wà fún ìdúróṣinṣin, ẹsẹ̀ ló ń gbé ni. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ fa ara rẹ̀, apá á rẹ̀ ẹ́ kó tó dé òkè. Ẹni tó lọ́ra jù nínú ẹgbẹ́ ni kí ó wà níwájú. Bó bá wà lẹ́yìn, á máa sáré láti bá yín, ẹni tó ń sáré ló sì ń ṣubú.

Ohun kan tó yẹ ká kọ́ lójú ọ̀nà: òkúta Olúmọ máa ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á ṣí díẹ̀díẹ̀ kúrò lára òkúta ńlá, kó tó ṣubú lè tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Kí ẹ tó dúró lé etí àpáta kan, ẹ fi gìgísẹ̀ gbá a. Bó bá dún kì, ó lẹ̀ mọ́ ara òkè. Bó bá dún bí ìlù tó ṣófo nínú, afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ní orí òkè, ẹ ó rí òrùlé páànù tó ti pọ́n káàkiri ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's ní Aké, mọ́ṣáláṣí gbogbogbòò, àti odò. Ẹ jókòó kí ẹ tó mu omi, má ṣe mu ún nídùúró lẹ́bàá etí. Kì í ṣe gbogbo ibi ni irin ìdíwọ́ wà. Ẹni tó fẹ́ ya ara rẹ̀ ní fọ́tò kò gbọdọ̀ máa rìn sẹ́yìn: kí ó dúró sójú kan, kí ẹni tó mú fóònù máa rìn. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún méje, kí àgbàlagbà di í lọ́wọ́ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe orí òkè nìkan.

Ìsọ̀kalẹ̀

Ibí ni ẹsẹ̀ ti máa ń rọ́. Nígbà tí a bá ń gòkè, ojú wà lára òkúta. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, ọkàn ti wà níbi ọ̀fadà. Yàtọ̀ sí èyí, iṣan itan ti rẹ̀, orúnkún á sì máa gbọ̀n. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko lókè kí ẹ tó yíjú sísàlẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìdí rẹlẹ̀, kí ẹsẹ̀ kúrú. Níbi tó bá ga, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ sí i bí alákàn, kí ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ dúró ṣinṣin kí ti òkè tó tẹ̀lé e. Ìtìjú kò sí nínú fífi ìdí wọ́. Fóònù wà nínú àpò.

Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá rọ́, ẹ má fi róòbù pa á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Fífa àti fífi ooru pa á ní ọjọ́ kìn-ín-ní ló ń mú kí ó wú sí i. Píọ̀wọ́tà dídì tí a rà níṣàájú, iṣẹ́ rẹ̀ dé nìyí: ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ẹ fi báńdéèjì tàbí gèlè dì í, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Bí ẹni náà kò bá lè fi tẹ ilẹ̀ ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ọsíbítù ló kàn, kì í ṣe ilé ẹlẹ́mu.

Ẹni tí orí ń fọ́, tí òòyì ń kọ́, tí inú ń rìn ín, ooru ló mú un. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji, ẹ fi aṣọ tútù sí ọrùn àti abíyá rẹ̀, ẹ fún un ní omi oníyọ̀: omi lítà kan, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí a gé lórí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ẹ má dúró wò ó, ọsíbítù ló kàn.

Oúnjẹ, àti Ìtòkú

Ọjà àdìrẹ Ìtòkú ò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè. Ẹ yí aṣọ padà kí ẹ tó náwó: èyí tí a fọwọ́ pa láró máa ń hàn ní ojú méjèèjì, èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń ṣá ní ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ sì bára mu jù. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ nílé, ẹ fọ òun nìkan.

Kí ẹmu tó kan ètè, ẹ jẹun. Láfún pẹ̀lú ewédú ni oúnjẹ Ẹ̀gbá, ọ̀fadà inú ewé náà sì ń bẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata rẹ̀. Èyíkéyìí tó bá wù yín. Inú tó ṣófo, tí oòrùn sì ti pa ẹni tó ni ín, ife kan ni yóò fi yó.

Ẹmu

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni adẹ́mu ń gun ọ̀pẹ, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí omi ọ̀pẹ bá ti kán sínú agbè ló ti ń hó, nítorí ohun tó ń sọ ọ́ di ọtí ti wà nínú agbè àná àti nínú afẹ́fẹ́. Èyí tó dé ìlú ní nǹkan bí aago 9 dùn bí oyin. Títí ọ̀sán, adùn á ti dín kù, agbára á ti wọ̀ ọ́, á sì tó ti bíà. Títí ọjọ́ kejì, ó ti ń kan lọ sí ọ̀nà ọtí kíkan. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ láti Olúmọ ní aago 11, tó jẹun tán ní aago 12 sí 1, á bá a níbi tó dára jù: kò dùn jù, kò sì kan. Ìdí nìyẹn tí a fi to ọjọ́ náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má béèrè bóyá ó dára. Ta ni yóò sọ pé tòun ò dára? Ẹ béèrè àkókò:

“Bàbá, ìgbà wo lẹ dá a?”

“Ìdájí òní ni.”

“Ti ọ̀pẹ ni àbí ògùrọ̀?”

Lẹ́yìn náà ẹ gbé ife sí etí. Ẹmu tó wà láàyè máa ń dún wíríwírí bí òjò lórí ewé. Èyí tó dákẹ́ láàárọ̀, bóyá omi ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí imọ́lẹ̀: ó yẹ kó funfun bí omi ògì dé ìsàlẹ̀. Bí òkè rẹ̀ bá mọ́, tí funfun rẹ̀ sì rì sísàlẹ̀ kíákíá, wọ́n ti bu omi là á. Ẹ tọ́ ọ wò díẹ̀: adùn ẹmu máa ń tètè kúrò lórí ahọ́n. Adùn tó bá dúró pẹ́, tó sì korò lẹ́yìn ọ̀fun, sákárínì ni. Kòkòrò kan tàbí méjì nínú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi. Ẹ sẹ́ ẹ.

Ife méjì tó fún ẹni tó ti gun òkè. Awakọ̀ kò mu rárá, aláboyún kò mu, ẹni tó ń lo Flagyl náà kò mu, ìkìlọ̀ wà nínú ìwé oògùn rẹ̀. Ògógóró inú ìgò tí kò ní orúkọ, ẹ yẹra fún un. Ní 2015, ẹ̀mí ṣòfò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó nítorí májèlé mẹ́tánọ́ọ̀lù tó wà nínú irú rẹ̀, kò sì sí bí ojú tàbí imú ṣe lè yà á sọ́tọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹmu relé, ẹ má fi ìgò gíláàsì gbé e. Inú ike ni, kí ó má kún ju mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin lọ, kí ẹ sì tú ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde. Ẹ gbé e sáàárín ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀, kì í ṣe inú búùtù tó gbóná. Tí ẹ bá dì í pa, kí ẹ tó dé Ìtòrì ni yóò ti bú sórí ẹni tó jókòó tì yín.